Ìyá Àgbà Nídìí Rúlẹ́ẹ̀tì

Tí ọmọkùnrin kan bá fi owó ilé-ìwé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu wa: ọ̀kánjúwà ni. Bá a ṣe máa ń ka The Gambler tí Dostoevsky kọ lọ́dún 1866 náà nìyẹn. A ti dájọ́ fún Aleksei, ọ̀dọ́kùnrin olùkọ́ tó ń sọ ìtàn náà, ká tó ka ìwé dé ìdajì. Ìgbà náà ni ìyá àgbà wá wọlé, tó ba ìdájọ́ wa jẹ́.

Gbogbo ẹbí ló ń retí tẹ́lígíráàmù pé ìyá yìí ti kú ní Moscow, kí wọ́n lè pín ogún. Òun fúnra ẹ̀ ló dé, tí wọ́n gbé e lórí àga wọ ìlú onítẹ́tẹ́ kan ní Jámánì. Olówó ni, kò sóhun tó ń wá. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ wo rúlẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń san fẹ́ni tó bá ta òdo, tí òdo sì jáde, ó ní òdo lòun máa ta, kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ara ẹ̀ ò gbà á kí bọ́ọ̀lù kékeré yẹn fara balẹ̀ dúró. Ó jẹ, ó jẹ gan-an. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ lọ, tiẹ̀ náà bá a lọ. Yíyá ló yá owó tó fi padà sílé.

Ibo ni ọ̀kánjúwà wà níbẹ̀? Ìwàǹwára ni Dostoevsky fi hàn wá, pẹ̀lú agídí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń sọ "rárá" fún un. Èyí bá ohun táwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ń rí mu: láàárín àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di àìsàn fún, ìwàǹwára wà lára àwọn ìwà tó máa ń hàn jù. Síbẹ̀ wọn ò dúró sórí ìwà nìkan. Lọ́dún 2013, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kó àìsàn yìí kúrò láàárín àwọn àìsàn àìlèkóra-ẹni-níjàánu, wọ́n kó o sọ́dọ̀ ọtí àti oògùn olóró. (Freud náà dá sí i lọ́dún 1928, ó ní ẹ̀bi ló ń lé Dostoevsky lọ sídìí tẹ́tẹ́, kó lè fìyà jẹ ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ jàre.)

Ibi tí ìwé náà ti já wa kulẹ̀ ni ibi tí Aleksei ti ní tìtorí àwọn ará Rọ́ṣíà ni rúlẹ́ẹ̀tì ṣe wà. Astley, ará Gẹ̀ẹ́sì, tún fẹ́ sọ irú ẹ̀ nígbẹ̀yìn. A ti gbọ́ ọ rí: ọmọ Nàìjíríà ò ní sùúrù, àbí?

Àwa tá a ń kọ kóòdù jẹun, kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an la máa ń wò. Ihò 37 ló wà lára ẹ̀, èrè 35 ni wọ́n ń san lórí nọ́ńbà kan. Tó bá pẹ́ títí, nínú náírà 37 tẹ́nì kan bá ta, ọ̀kan jẹ́ ti onílé, ì báà jẹ́ onísùúrù ló ta á. Ìwà lè pinnu iye ìgbà téèyàn máa padà síbẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló ń pinnu bí ìpadàbọ̀ yẹn ṣe máa yá tó. Láyé Aleksei, àfi kéèyàn wọkọ̀ ojú irin lọ sí Jámánì. Lónìí, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bọ́ọ̀lù "virtual" tí kọ̀ǹpútà ń gbá fúnra ẹ̀ á ti parí kí omi ìndómì tó hó. Kàlòkàlò náà ni, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Ẹnì kan ló jókòó tó dín ìṣẹ́jú yẹn kù, irú wa sì ni.

Dostoevsky mọ̀nà Wiesbaden dáadáa. Gbèsè ló jẹ́ kó sáré pe ìwé yìí fún Anna, tó bá a kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 26. Ó fẹ́ Anna lọ́dún 1867, kò jáwọ́. Ọdún 1871 ló ta tẹ́tẹ́ kẹ́yìn, ọdún yẹn náà ló padà sí Rọ́ṣíà. Nígbà tí 1872 fi máa parí, ìjọba Jámánì ti ti àwọn ilé tẹ́tẹ́ yẹn pa. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín pé ó ṣẹ́gun ara ẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà náà jìn nígbà yẹn, wọ́n sì tilẹ̀kùn.

Aleksei ní tiẹ̀ ṣì wà ní Homburg nígbà tí ìwé parí, owó tí Astley fún un wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi ọ̀la ṣèlérí fún ara ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ò jìnnà síbi tó dúró sí.