Oògùn àti Okùn Ẹbí nínú Ìtàn Fágúnwà àti Tutùọlá

Ní ayé àtijọ́, àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní Yúróòpù tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wá ọ̀nà àtisọ òjé di wúrà. Nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, ohun tí ó fara jọ iṣẹ́ wọn ni oògùn, tí ń pa ènìyàn dà di ẹranko, tí sì ń sọ aláìlágbára di alágbára. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kíyè sí. Ìdí ìkòkò àti iná ni ọlọ́gbọ́n ọ̀hún ti ń wá agbára tirẹ̀. Akọni ti Yorùbá ń jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí ni. Nítorí náà, ẹni tí yóò tú oògùn palẹ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ẹbí palẹ̀.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà nínú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* (1938). Ọdẹ olóògùn ni bàbá Àkàrà-Ògùn. Àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá yìnbọn fún ẹranko kan ní oko, ipa ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà mú un padà wá sí ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì bá nílẹ̀. Nínú *Igbó Olódùmarè* (1949), Fágúnwà tún padà sórí bàbá yìí, Olówó-Ayé, ẹni tí ó fẹ́ Àjẹ́dìran. Orúkọ obìnrin náà tó àlàyé: àjẹ́ ti di ìran.

Ìgbésí ayé òǹkọ̀wé náà tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní 1903. Joshua Akíntúndé àti Rachel Ọ̀ṣunyọmí, àwọn òbí rẹ̀, ti kúrò nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. Síbẹ̀, Ọ̀ṣun wà nínú orúkọ ìyá, Ifá wà nínú orúkọ ìdílé, Orò sì wà nínú Oròwọlé tí wọ́n sọ ọmọ, kí ó tó di Ọlọ́runfẹ́mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé Fágúnwà gba oògùn gbọ́ pátápátá, tàbí pé ó kórìíra rẹ̀ pátápátá, ti ṣìnà. Ogún tí ẹbí rẹ̀ fi sílẹ̀ láìkọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ náà sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì. Ó rọrùn láti sọ pé iná àgbẹ̀dẹ ni ó bí ìparadà inú *The Palm-Wine Drinkard* (1952). Ìwé náà kò gbè é: nígbà tí akọni ń lọ wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú, oògùn tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ni ó kó dání. Ìgbésí ayé òǹkọ̀wé lè fún ìtàn ní ohun èlò. Kò lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òǹkàwé.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti pínyà ni ohun tí akọni mú bọ̀ wálé. Ẹyin tí ń bọ́ ayé ni akọni Tutùọlá mú bọ̀, àwọn èrò sì fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Ìrágbèje ni Àkàrà-Ògùn gbé bọ̀ láti Òkè Láńgbòdó, ìmọ̀ràn lórí òbí àti ọmọ sì wà lára rẹ̀. Oògùn a máa tán. Ẹ̀kọ́ ni a lè fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Fágúnwà kù díẹ̀ káàtó níbì kan. Kàkó pa ìyàwó rẹ̀ tí ó dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ sí Láńgbòdó. Ẹni tí ń lọ wá ọgbọ́n tí yóò tún ilé ṣe ni ó kọ́kọ́ tú ilé tirẹ̀ ká. Kò yẹ kí olùkọ́ fò ó, nítorí ibẹ̀ ni ìwé náà ti ń ta ko ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n akọni tí ó pa aya kò ní ilé tí yóò gbé ọgbọ́n náà wọ̀.