Àwọn Tó Ń Wọn Okun Ilẹ̀

Ní yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀, irú èyí tó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ FUNAAB l'Abẹ́òkúta, sùúrù ni olórí irinṣẹ́. Wọ́n á sá erùpẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi asẹ́ olójú mìlímítà 2 sẹ́ ẹ, wọ́n á gbọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ omi ammonium acetate. Ammonium á gba ààyè kálísíọ́mù àti pọ̀tásíọ́mù, tí í ṣe oúnjẹ ọ̀gbìn, lára amọ̀. Àwọn tó lé kúrò á bọ́ sínú omi.

Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń kán EDTA sínú omi náà láti wọn kálísíọ́mù ni ọwọ́ ń hàn! Ẹ̀kán kan ló lè yí pupa padà sí búlúù. Ọwọ́ yá jù, iṣẹ́ bàjẹ́.

Amọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tó wá láti ara òkúta bí Olúmọ, kì í sábà di oúnjẹ ọ̀gbìn mú bíi ti ẹsẹ̀ òkè ayọnáyèéfín Kamẹrúùnù. Ewé jíjẹrà ló ń ràn án lọ́wọ́.