"Àyàfi" Kì í Ṣe "Dandan": Bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ Ṣe Ka Òfin Ìdájọ́ Ikú

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àtijọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí, torí pé ẹ̀mí èèyàn so mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà ni "save", tó wà ní apá 30(1) ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979, tó ti di 33(1) nínú ti 1999. Òfin ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà láàyè, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀mí wọn, àyàfi bó bá jẹ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn ni wọ́n ń mú ṣẹ.

Ní 1998, nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu àti Ìjọba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yẹ ìdájọ́ ikú tó wà ní apá 319(1) òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó wò. Wọ́n ní kò ta ko ìwé òfin. Lóòótọ́, South Africa ti fagi lé ìdájọ́ ikú ní 1995, ṣùgbọ́n kò sí "àyàfi" kankan nínú gbólóhùn tiwọn. Tiwa ní in. Títí dé ibí yìí, gírámà wà lẹ́yìn àwọn adájọ́ wa, mi ò bá wọn jà.

Ìjà mi wà lórí ohun tí à ń fi ìdájọ́ yẹn gbè lẹ́yìn. Apá 319 ò sọ pé adájọ́ *lè* dájọ́ ikú. "Shall" ló lò, ìyẹn dandan. Bí ẹ̀bi ìpànìyàn bá ti dá lé èèyàn lórí, adájọ́ ò ní ohun mìíràn láti sọ. Òfin Èkó ti 2011, tó de àwa ará Festac àti gbogbo Amuwo-Odofin, ò yí i padà.

Ṣùgbọ́n ṣé "àyàfi" lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Ká ní wọ́n kọ ọ́ sí géètì àdúgbò yín ní Festac pé, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́yìn aago 11 alẹ́, àyàfi onílé." Ṣé ó wá di dandan kí onílé wọlé ni? Àyè la fún un. Bó bá wù ú, kó sùn sí Mile 2!

Ìwé òfin Kenya náà fàyè sílẹ̀ bíi tiwa. Síbẹ̀ ní 2017, nínú ẹjọ́ Muruatetu, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ fi ìdájọ́ ikú sílẹ̀, ó sì yọ dandan kúrò lára rẹ̀ fún ìpànìyàn. Uganda ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2009. Wọ́n ya "lè" sọ́tọ̀ kúrò lára "gbọ́dọ̀".

Ẹ wo obìnrin tí ọkọ ń lù fún ọdún mẹ́wàá, tó wá pa á lójú oorun. Ìmúnibínú tí òfin wa gbà ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lójijì, tí ìbínú ò tíì rọlẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ìpànìyàn, gbólóhùn tí wọ́n kà fún agbanipa ni wọ́n máa kà fún òun náà. Adájọ́ rí ìyàtọ̀, àmọ́ òfin ti pa á lẹ́nu mọ́.

Agbẹjọ́rò tó bá tún gbé irú ẹjọ́ yìí dé Abuja, kó má bi wọ́n bóyá ikú bófin mu; wọ́n ti dáhùn ìyẹn. Kó bi wọ́n pé: níbo ni "àyàfi" ti di "dandan"?