Eérú Lọ́wọ́ Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Lò

Kí iná tó ràn ni Màmá ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò. Wọ́n á bu eérú sínú agolo, wọ́n á ta omi sí i títí á fi ki bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á wá fi ra ìdí ìkòkò irin àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìjẹ́ kó dé etí. Orí eérú ni èéfín á bà lé, kò ní ráyè lẹ̀ mọ́ irin. Bí ọbẹ̀ bá jinná, omi àti kànìnkànìn ti tó láti ṣí gbogbo dúdú náà kúrò. Ẹni tí kò bá ra tirẹ̀ á fi yanrìn ha á títí apá á fi kan.

Eérú náà ni wọ́n fi ń fọ àwo tí epo pupa bá lẹ̀ mọ́. Bí eérú igi bá pàdé ọ̀rá nínú omi, ó ń sọ díẹ̀ nínú ọ̀rá náà di ọṣẹ; ohun kan náà ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń wá nínú eérú èèpo kòkó. Ṣùgbọ́n Màmá á kọ́kọ́ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, torí òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè ha àwo. Wọn kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ lára ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, torí ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ wọn ti wù mí jù. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀; bí èèyàn bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ibì kan á dì, ibòmíràn á ṣófo. Màmá á pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, wọ́n á máa fi ìka mẹ́ta fọ́n ọn. Ọrùn-ọwọ́ nìkan ló ń mì, apá kò gbé. Yanrìn funfun lórí ilẹ̀ dúdú ló ń fi ibi tí ọwọ́ dé hàn wọ́n.

Ti ewédú tún le jù bẹ́ẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ kì í tètè gba omi. Wọ́n á dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á sáré sọ ọ́ sínú omi tútù. Bó bá pẹ́ jù, ó jinná nìyẹn. Wọn kì í wo aago, ẹnu ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tó bá kí wọn lásìkò yẹn, àfi kó ní sùúrù.

Láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, wọ́n á wọ́n eérú díẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ tí kòkòrò ń jẹ. Díẹ̀ ni o! Bó bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí tẹ̀tẹ̀ bá tó kó, wọn kì í fà á tu. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e, wọ́n á fi kùkùté sílẹ̀ kó lè tún rúwé. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ẹ kì í tà nínú rẹ̀ ni?”

“Èwo ni mo fẹ́ tà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ́ tán.”