Ohùn Èdè Nínú Orin Onígìtá: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Aṣa

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ orin nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, orin ìbejì, orin ìgbéyàwó, àpàlà, sákárà àti jùjú ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Orin onígìtá tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́, èyí tí àwọn tó ń ta àwo orin máa ń pín sí abẹ́ rọ́ọ̀kì, sóòlù tàbí fóòkì, kì í sábà wọ inú ẹ̀kọ́ wa. Àwọn olùkọ́ kan ní orin òyìnbó ni. Àwọn mìíràn gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ nítorí pé ọmọ wa ni ó kọ ọ́. Kò sí èyí tí a lè pè ní lámèyítọ́ nínú méjèèjì. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ iṣẹ́ Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Aṣa, wò. Èrò wa ni pé ohùn èdè tí ó wà nínú orin ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ohun-èlò tí a fi kọ ọ́.

Ìgbésí-ayé àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ìlú Paris ni a ti bí i ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti dàgbà. Nínú àwọn àwo orin tí bàbá rẹ̀ kó jọ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ orin ilé àti orin òkè òkun pọ̀. Ó kọ́ gìtá ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Peter King. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, jáde ní ọdún 2007. Cobhams Asuquo ni ó bá a ṣe é. Ní ọdún 2008, ó gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà ni Beautiful Imperfection jáde ní 2010, Bed of Stone ní 2014, Lucid ní 2019 àti V ní 2022.

Orúkọ tí ó yàn gan-an tó ẹ̀kọ́ fún wa. Àṣá ni, ẹyẹ tí ó ń gbé òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n a máa ń tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì kà á sí àṣà. Dò mí ni èkíní, dò dò ni èkejì. Àmì kan ṣoṣo ni ó ya ẹyẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣe àwùjọ.

Ohùn Èdè àti Ohùn Orin

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwọn oníwàásù ìjímìjí gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin ìsìn òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń yí padà létí. Bí ohùn orin bá gbé ọkọ sókè tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó fi ohùn ilé kọ orin ìsìn, ó sì gba orin rẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips náà kọ ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde ní 1953. Ohun tí a rí kọ́ ni pé dùùrù kọ́ ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ohùn orin tí a ti ṣe sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ni. Gìtá náà kò jẹ̀bi. Ó pẹ́ tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti ń fi í kọrin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń yé wa yékéyéké.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ‘Ẹyẹ Àdàbà’, tí ó wà nínú àwo 2007. Re re ni ẹyẹ, dò dò dò ni àdàbà. Ní etí tiwa, ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ orin náà nínú ìwé yóò gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìdánwò tí ó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Ní ti ọnà èdè, àwítúnwí ni ó gbé orin náà ró. Ọgbọ́n tún wà níbẹ̀. Òwe wa sọ pé àdàbà kò náání à-ń-kungbẹ́: iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹyẹ tí kò bìkítà ni òwe mọ̀. Orin yìí ń bẹ ẹyẹ kan náà pé kí ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ẹni tí ó sì ń bẹ̀ ẹ́ ni ó ń jẹ́ Àṣá!

Ibi tí Ó Kù Sí

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Orin Yorùbá kò pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ibi tí ó pọ̀ jù. Orin ‘Jailer’ ń sọ pé ẹni tí ó de ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìdè náà. Èrò yìí kò jìnnà sí ti àwọn àgbà wa, ṣùgbọ́n èrò nìkan kò sọ iṣẹ́ di lítíréṣọ̀ Yorùbá. Èdè ni lítíréṣọ̀. Bákan náà, a kò lè fi orin tí ó dá lórí àwítúnwí wé ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, níbi tí àfiwé, òwe àti ìtàn ti ń tẹ̀lé ara wọn. Ìwọ̀n ewì yàtọ̀ sí ìwọ̀n orin.

Àgbálọgbábọ̀

Ní àdúgbò bí Ìlúpéjú, níbi tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti kó onírúurú ẹ̀yà jọ, kì í ṣe gbogbo ọmọ inú kíláàsì ni ó ń gbọ́ Yorùbá nílé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè há àlàyé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, kí ó má sì lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kan. Orin tí ó ti mọ̀ ni ó yẹ kí a fi mú un wọlé. Ẹ kọ ‘Bibanke’ sójú pátákó láìsí àmì. Kí wọ́n fi àmì sí i: Bíbánkẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbọ́ orin náà, kí wọ́n sọ ibi tí ohùn orin ti bá ohùn èdè mu àti ibi tí kò ti bá a mu, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tí ń ṣètò ìdánwò ni pé bí wọ́n bá mú orin wá, kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, àyàfi bí àmì fífi sí gan-an bá jẹ́ ìbéèrè. Orin tí a gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe orin mọ́. A kò sì lè fi ohun tí a kò jẹ́ kí ọmọ gbọ́ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.