Fọganáísà Tó Ń Bi Ẹrẹ̀ Léèrè

Táyà kọ́ ni bàbá fọganáísà yìí kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Irin pẹlẹbẹ tó fi ń ṣí táyà ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Hilux kan, ó ha ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò lábẹ́ mọ́gáàdì, ó gbà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ó bu omi díẹ̀ sí i láti inú bàsíà tó fi ń wá ibi tí tíúbù ti ń jò, ó pò ó, ó wá ń yí i láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ẹrẹ̀ náà ń gùn, ó ń tín-ín-rín bí òwú àtùpà, kò já.

"Amọ̀ gidi nìyí," ó ní. "Ọ̀nà tí ò ń gbà kì í bá èèyàn ṣeré."

Nílùú Oǹdó ni, lẹ́bàá ọ̀nà kan tó gba oko kòkó lọ, nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò kì í fi ọrùn ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ọkọ̀ máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lábà, á sì kó o wá sígboro. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ rì mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò 16, tọ́ọ̀nù kan gééré, ó sì sùn mọ́jú lórí ẹrù. Ní báyìí, owó táyà mẹ́rin ti wà lápò rẹ̀, ó sì ti yan èyí tó wù ú kó tó kúrò nílé: èyí tó fẹ̀ jù, tí yóò mú kí ọkọ̀ rẹ̀ dúró bí akọ màlúù. Èmi kàn yà láti fa afẹ́fẹ́ sí táyà mi ni, mo sì lo wákàtí méjì níbẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta táyà. Mi ò tíì rí ẹni tó ń bi ẹrẹ̀ léèrè rí.

Táyà méjì ló yọ síta nínú àwọn tó fi ti ògiri páànù. Wọ́n kọ M/T sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé táyà ẹrẹ̀ ni wọ́n pe ara wọn. Eyín ti àkọ́kọ́ pọ̀, ó sún mọ́ra, ó dùn ún wò. Ti èkejì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ìṣù rọ́bà ńláńlá ni, wọ́n jìnnà síra, àlàfo àárín wọn sì gba àtàǹpàkò mi méjì. Bàbá bu ẹrẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àlàfo àwọn méjèèjì bí ẹni ń rẹ́ ògiri, títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ojú rọ́bà. Lẹ́yìn náà ó gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan, ó jù wọ́n sílẹ̀ lórí kọnkéré, wọ́n ta padà, ó mú wọn, ó tún jù wọ́n.

Àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan nù. Ẹrẹ̀ dì mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ń dán, táyà tuntun sì di táyà pípá lójú wa. Èkejì ta lẹ́ẹ̀mejì péré, ìṣù ẹrẹ̀ ti ń já bọ́ lára rẹ̀ pọ̀-pọ̀-pọ̀. Bàbá pè mí, ó fi ìka mi kan ìsàlẹ̀ àlàfo. Kókó rọ́bà kéékèèké tò síbẹ̀. Àwọn ló ń ti òkúta àti ẹrẹ̀ jáde nígbà tí táyà bá ń yí. Ó tún fi ẹ̀gbẹ́ àlàfo hàn mí: kò dúró ṣánṣán, ó fẹ̀ lókè, ó fún nísàlẹ̀, kí ohun tó bá wọ ibẹ̀ má bàa há.

"Ẹni tó ń jẹ iyán tí kò tọwọ́ bọ ọbẹ̀," bàbá ní, "tó bá di òkèlè kẹta, ọwọ́ ni yóò máa lá dípò kó máa jẹun."

Gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Eyín ló ń gbá ilẹ̀ mú, àmọ́ àlàfo ló ń jẹ́ kí eyín rí ilẹ̀ gbá mú. Àlàfo táyà ẹrẹ̀ tuntun lè jìn tó mìlímítà 14. Òfin ojú títì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò béèrè ju 1.6 lọ. Ẹni tó bá gbójú lé ìwọ̀n ti títì yẹn, amọ̀ yóò ti gba táyà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ kó tó mọ̀.

Orí fífẹ̀ ni wọ́n ti wá kọlu ara wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, 285 ni kí ẹ gbé fún mi," ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní.

"Ta ni yóò máa wò ọ́ nínú oko kòkó? Ọ̀kẹ́rẹ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá wá bi í bóyá igi tí èèyàn bá kì bọ inú ẹrẹ̀ náà máa ń kan ilẹ̀ líle, àbí ńṣe ló ń lọ láìdúró.

"Ó ń kan ilẹ̀ líle, sà. Kì í mu èèyàn kọjá kókósẹ̀ púpọ̀."

"Tóò. Táyà tóóró ni tìrẹ."

Táyà tó sọ ẹrẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan yẹn ló yí wá síwájú wa: LT235/85R16. 235 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 85 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, nǹkan bíi mìlímítà 200. 16 ni ínṣì ríìmù tó gbà á. Ó tóóró, ó sì ga. Níbi tí ilẹ̀ líle bá wà lábẹ́ ẹrẹ̀, irú rẹ̀ ń gé ẹrẹ̀ kọjá bí ọ̀bẹ, á sì gúnlẹ̀ sórí ohun tó le. Èyí tó fẹ̀ yóò jókòó sórí ẹrẹ̀, yóò máa jó lójú kan. Ká ní etí òkun ni ọmọ yìí ń lọ ni, níbi tí yanrìn ti rọ̀ lọ sísàlẹ̀, èyí tó fẹ̀ gan-an ni bàbá ì bá gbé fún un, kí ó lè gbé ọkọ̀ léfòó. Nọ́ńbà 120 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé táyà kan lè ru kílò 1,400. Ẹni tó ń ru kòkó kì í fojú fo ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ló wá wo ọjọ́ orí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT ni ìwé ìbí táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó dijú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá wáyà tó ti já, ó ń wá ìlẹ̀mọ́ tí ẹnì kan ti kùn ní dúdú. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dá iṣẹ́ táyà dúró n'Íkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, bí igi rọ́bà tilẹ̀ ń sun oje nínú igbó Oǹdó, òkè òkun ni táyà wa ti ń wá. Ẹni tó ṣe é kò rí amọ̀ abà wa rí. Ojú àti ọwọ́ irú bàbá yìí ló dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Ọkùnrin kan dé bá wa níbẹ̀, ó ń fẹ́ irú táyà kan náà fún ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́ lójoojúmọ́. Bàbá kò tà á fún un. Ó ní lórí ọ̀dà, rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ lára rẹ̀ kéré, bíréèkì kì í mú dáadáa nínú òjò, yóò máa kùn bí oyin, eyín rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Ó ní kó lọ wá A/T, èyí tó mọ ọ̀dà, tó sì mọ erùpẹ̀ níwọ̀nba. Owó ńlá kọjá lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò wò ó lẹ́yìn.

Ó padà sídìí táyà ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fi omi ọṣẹ pa etí rẹ̀, ó wo ọfà tó ń tọ́ka sí ọ̀nà tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí, ó fa afẹ́fẹ́ sí i títí etí rẹ̀ fi jókòó sórí ríìmù, gbàù! Ó wá kìlọ̀: "Bí o bá ń wọ inú ẹrẹ̀ lófo, sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí PSI 20, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gùn sí i. Má jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju 15 lọ, kí etí rẹ̀ má bàa bọ́ kúrò lára ríìmù. Bí o bá ti di ẹrù, tàbí tí o bá ti rí ọ̀dà, fà á padà. Kí pọ́ńpù máa wà nínú ọkọ̀."

Ẹ̀yin tí ọ̀nà yín ń gba inú ẹrẹ̀, ẹ má ṣe mú owó nìkan lọ sídìí táyà. Ẹ dúró kí òjò rọ̀, ẹ bu ẹrẹ̀ ọ̀nà yín sínú nàìlọ́n, kí ẹ gbé e lé ẹni tó fẹ́ tà fún yín lọ́wọ́. Bó bá bi yín pé kí nìyí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ síbòmíràn.