Ẹnu Ọ̀nà Ìlera

Láàárọ̀ ọjọ́ àjẹsára, bí èèyàn bá gba Ìjẹmọ̀ kọjá l'Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ tí yóò fi pàdé àwọn ìyálọ́mọ, ọmọ lẹ́yìn, káàdì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì á ṣí kúlà, á mú ìgò kékeré jáde láàárín yìnyín, á ní, "Ìyá Àyọ̀ká, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa." Ọmọ á ké tòò. Kó tó pa ẹnu dé, ẹ̀kán oògùn méjì ti bọ́ sí i lẹ́nu. Irú ẹ̀kán méjì yìí, tí wọ́n ń kán láti ojúlé dé ojúlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé là ń pe irú ibi tí àwọn ìyá wọ̀nyí ń lọ. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó ń mú kí àwọn kan rò pé ìtọ́jú àbọ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí aláboyún ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, kí wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n láti mọ̀ bóyá ó ń dàgbà bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì mú ibà kó tó wọra. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Ọ̀rọ̀ omi mímu àti ilé ìgbẹ́ wà nínú iṣẹ́ wọn pẹ̀lú.

Ọdún 1978, ní Alma-Ata, ìlú tó wà ní Kazakhstan, ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí ètò ìlera alábọ́ọ́dé yìí. Igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà náà, ọmọ Abẹ́òkúta ni: Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Láti 1954 ló ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ ní Àrò, l'Abẹ́òkúta. Kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Wọ́n ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tàwọn tẹbí wọn, wọ́n á wá gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sílé.

Ẹ̀gbá mìíràn ló gbé ètò náà délé fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, di mínísítà ìlera lọ́dún 1985. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, kó tó gbòòrò dé ibi yòókù. Àwọn tó tọ́mọ láyé ìgbà náà kò jẹ́ gbàgbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ètò náà kọ́ wọn láti pò: omi tó mọ́, ẹ̀kún ìgò mínírà méjì, iyọ̀, ṣíbí tíì kan, ṣúgà, ṣíbí tíì 10, gbogbo ṣíbí náà ní pẹrẹsẹ, kò gbọdọ̀ ga gegere. Nígbà tí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ tó ń gbẹ ló ń pa á, ìyá tó sì mọ èyí lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Lónìí, ORS inú àpò àti oògùn zinc ni wọ́n ń fún ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ Olíkóyè tó ju ìyẹn lọ: ó fi ìmọ̀ dókítà sọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ó dágbére fáyé lọ́dún 2003.

Ẹ̀yin ará Ìjẹmọ̀, ẹ̀yin Ẹ̀gbá gbogbo, ẹ máa yọjú sí ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò yín. Ẹ bèèrè bóyá agbẹ̀bí wà níbẹ̀ lóru. Ẹ bèèrè bóyá fíríìjì àjẹsára ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì mọ ìyá kan tí káàdì ọmọ rẹ̀ ti sọnù, tí ojú ń tì í láti padà lọ, ẹ bá a gbé ọmọ náà, kí ẹ jọ lọ.